Ẹ̀yin kọ́ lẹ bà á jẹ́, mà

Tí fóònù bá dún lórí tábìlì mi ní ọ́fíìsì, kí ẹni tó pè tó sọ nǹkan tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ẹ̀, nǹkan tí mo máa kọ́kọ́ gbọ́ ni "mi ò ṣe nǹkan kan o, mo kàn jókòó síwájú ẹ̀ ni." Àwọn àgbà ní tiwọn á ní "ọmọ mi, jọ̀ọ́ wá, mo ti ba nǹkan yìí jẹ́ o." Ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti ń wá, ẹ̀rù ni. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ IT ní ọ́fíìsì kan n'Íbàdàn, ọ́fíìsì ọ̀hún ò tóbi, akáǹtì ló wà nísàlẹ̀, rẹ́jísírì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn ọ̀gá wà lókè, àwa méjì sì ni IT, èmi àti kọ́pà tí wọ́n pọ́ọ̀sì wá síbẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹ̀rọ là ń tú là ń so láti àárọ̀ dalẹ́. À ń tú u lóòótọ́. Àmọ́ tí mo bá ro ọjọ́ iṣẹ́ kan látòkèdélẹ̀, nǹkan tó ń gba àkókò mi jù ni kí n mú ìtìjú kúrò lára ẹni tí ẹ̀rọ dójú tì, mo sì gbà pé iṣẹ́ gidi nìyẹn, bí wọn ò tiẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọjọ́ kan, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá yìí, kò sí nǹkan bàbàrà kan tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo máa ń tètè dé torí ọ̀rọ̀ iná. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nílẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ iná ló máa kọ́kọ́ yanjú kó tó kan kọ̀ǹpútà. 230 volts ló yẹ kí iná tó ń wọlé jẹ́, ṣùgbọ́n tí mo bá ti mítà mi bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìgbà míì 170 ni màá rí, ìgbà míì tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná dé, á fò kọjá 250 kó tó wálẹ̀, gbogbo stabilizer á sì máa dún kí-kí-kí káàkiri ilé. Kí iná lọ ò fi bẹ́ẹ̀ pa ẹ̀rọ lára, dídé tó ń dé yẹn gan-an ló ń pa á. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń kọ́kọ́ yẹ bátìrì inverter wò, màá wo UPS, bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ ró tí iná bá lọ, tó wà nídìí sẹ́fà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì so mọ́, màá ṣàyẹ̀wò bóyá AC inú yàrá yẹn ń tutù, lẹ́yìn náà ni màá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé báàgì mi kalẹ̀.

Iná dé lóru ọjọ́ Ajé yẹn, ó sì dé tagbára-tagbára ni o, torí nígbà tí Mádáàmù akáǹtì máa fi tan kọ̀ǹpútà wọn láàárọ̀, kò tàn. Mo dé ibẹ̀, mo bá wọn lórí ìdúró, wọn ò tiẹ̀ jókòó, báàgì ṣì wà léjìká wọn, wọ́n ní "Ẹnjiníà, mo pa á dáadáa lánàá o, mo tẹ ibi tí ẹ ní ká máa tẹ̀, mo dúró títí ojú ẹ̀ fi ṣú." Mo ní mo mọ̀, mà. Mo tú u, òórùn ibi tó jóná ti ń bọ̀ láti inú power supply, àpótí kékeré tó ń gba iná wọ inú kọ̀ǹpútà, mo yọ ọ́, mo fi òmíràn tó wà nílẹ̀ sí i, kọ̀ǹpútà tàn, gbogbo fáìlì wọn wà níbẹ̀, fọ́ọ̀ṣà owó oṣù tí wọ́n ti ń ṣe láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà wà níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n rí i ni wọ́n tó jókòó. Mo wá gbé power supply tó jóná yẹn lé tábìlì, mo fi ibi tó dúdú hàn wọ́n, mo ní "ẹ̀yin kọ́ lẹ bà á jẹ́, mà, iná ni, ẹ wo ojú ibi tó gbà wọlé." Mo mọ̀ọ́mọ̀ ń fi nǹkan bẹ́ẹ̀ han èèyàn ni. Tí mo bá kàn sọ ọ́ lẹ́nu lásán, wọ́n á rò pé mò ń bọ̀wọ̀ fún wọn ni, pé mi ò fẹ́ sọ òótọ́ ojú wọn. Ìgbà tí wọ́n bá fojú ara wọn rí i ni ọkàn wọn á tó balẹ̀.

Ọmọ tí màmá yìí bí gbẹ̀yìn gan-an lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí, ẹni tó ti ń fi bírò ṣe ìṣirò owó kí wọ́n tó bí mi, tó mọ ìwé owó ọ́fíìsì náà lójú ewé-lójú ewé, ẹ̀rọ kan wá gbé e dé ibi tó ti ń bẹ ọmọdé. Nílẹ̀ Yorùbá, nǹkan kékeré kọ́ nìyẹn. Mo ti rí àwọn tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tí wọ́n máa ń gba máòsì lọ́wọ́ àgbàlagbà, wọ́n á tẹ ibí, wọ́n á tẹ ọ̀hún, wẹ́rẹ́ wọ́n á ní ó ti parí, wọ́n á sì lọ. Kọ̀ǹpútà ti dáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó síbẹ̀ ò mọ nǹkan tí wọ́n ṣe, ìtìjú ẹ̀ tún wá pọ̀ sí i ni, tó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la kò ní fẹ́ pè ọ́ mọ́, á máa fọgbọ́n yí i. Èmi, mo máa ń fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni, ọwọ́ wọn ló máa wà lórí máòsì, màá ní mà, ẹ lọ sápá òsì nísàlẹ̀, ẹ tẹ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró díẹ̀. Ó ń pẹ́ díẹ̀ o. Mádáàmù fúnra wọn ló rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè, ìgbà tí mo sì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé owó kan báyìí, àwọn náà fa àga fún mi.

Bí aago mẹ́sàn-án ṣe ń lù ni Bàbá ní rẹ́jísírì pè, páásíwọ́ọ̀dù wọn ò wọlé. Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀ títí kọ̀ǹpútà fi ti akáǹtì tí wọ́n fi ń wọlé pa mọ́ wọn. Bàbá ní "mo mọ̀ ọ́n o, orí mi ò tíì dà rú, ohun tí mo fi wọlé lánàá ni mo tẹ̀." Mo ṣí akáǹtì wọn láti orí sẹ́fà, mo lọ síbẹ̀, mo fẹ́ wo kííbọ́ọ̀dù tiwọn gan-an, torí náà mo ní kí wọ́n tẹ "kola" sí ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ sí, níbi tí lẹ́tà ti máa ń hàn. "263a" ló jáde. Bàbá wo ojú ẹ̀, wọ́n wo kííbọ́ọ̀dù, wọ́n tún wo ojú mi.

Àwọn láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan wà tó jẹ́ pé wọ́n kó nọ́ńbà sábẹ́ lẹ́tà. Tí Num Lock bá tàn, J á di 1, K á di 2, L á di 3, U á di 4, I á di 5, O á di 6. Ó ṣeé ṣe kí aṣọ ìnujú kan tẹ bọ́tìnnì yẹn nígbà tí wọ́n ń nu tábìlì láàárọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀, torí ojúàmì dúdú-dúdú lásán ni páásíwọ́ọ̀dù máa ń fi hàn, nọ́ńbà ni Bàbá sì ń tẹ̀ látàárọ̀ láìmọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, orí wọn ò dà rú rárá. Mo sọ ọ́ sókè kí àwọn ọmọ kékeré tó wà nínú yàrá yẹn gbọ́ ọ, torí mo ti rí i pé àwọn kan ti ń wo ara wọn lójú.

Ọ̀rọ̀ páásíwọ́ọ̀dù yìí máa ń dùn mí gan-an, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ẹ̀ díẹ̀. Ọ́fíìsì wa, tí oṣù bá ti parí, gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù, ó gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré, nọ́ńbà àti àmì, kò sì gbọdọ̀ jọ èyí tí o lò tẹ́lẹ̀. Wọ́n wá ń bínú pé àwọn èèyàn ń kọ ọ́ sára bébà, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ kííbọ́ọ̀dù. Kí ni kí wọ́n ṣe? Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Bill Burr, tó ń ṣiṣẹ́ ní NIST, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣètò ìlànà lórí nǹkan báyìí, òun ló kọ ìmọ̀ràn yẹn lọ́dún 2003, gbogbo ayé sì gbà á. Nígbà tó di 2017, ọ̀gbẹ́ni yìí ti fẹ̀yìn tì, ó sọ fún Wall Street Journal pé òun kábàámọ̀ púpọ̀ nínú nǹkan tí òun kọ yẹn, àwọn NIST náà sì yí ìlànà wọn padà lọ́dún yẹn, wọ́n ní kí wọ́n má fipá mú èèyàn máa pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù láìnídìí mọ́, àfi tí wọ́n bá rí i pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, wọ́n ní èyí tó gùn, tó rọrùn láti rántí, ló dáa jù. Ẹni tó dá òfin sílẹ̀ ti ní kò dáa, síbẹ̀ Bàbá tó ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì n'Íbàdàn ṣì ń gbà pé òun ni orí òun ò gba nǹkan dúró mọ́. Mo ti tẹ ìlànà NIST yẹn síta fún ọ̀gá wa, mo fa ìlà sábẹ́ ibi tó kàn wá, màá sì tún rán wọn létí.

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní bíi aago mọ́kànlá, mo sì ti mọ̀ pé píríntà ló kàn. Nínú píríntà laser, ibì kan wà tó ń gbóná tó bíi 200 dígírì, ibẹ̀ ni ìyẹ̀fun tónà ti ń yọ́ mọ́ bébà. Bébà tó bá ti fa omi sára, tó bá kan iná yẹn, omi inú ẹ̀ á fẹ́ jáde, bébà á ká kò, á há síbẹ̀. Nígbà òjò, bébà tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì ní ọ̀sán, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì ó ti rọ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí ìyókù wà nínú ọ̀rá ẹ̀ kí wọ́n dì í. Lọ́jọ́ yẹn, bébà há, àkọ̀wé ọ̀gá kan tún tẹ print lẹ́ẹ̀mẹ́ta-mẹ́rin torí kò rí nǹkan kan jáde, gbogbo ẹ̀ wá tò kalẹ̀ lórí ìlà, kò lọ iwájú, kò lọ ẹ̀yìn. Mo fà bébà tó há jáde, mo dá Print Spooler, ètò tó ń to iṣẹ́ píríntà sórí ìlà, dúró, mo kó gbogbo nǹkan tó wà nínú fódà ẹ̀ dànù, mo tún tan án padà. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Nǹkan tó gba àkókò ni àkọ̀wé yẹn, torí ọ̀gá ti pariwo mọ́ ọn pé ó ti ba píríntà jẹ́ kí n tó dé. Mo lọ bá ọ̀gá fúnra wọn, mo kí wọn, mo ní sà, òjò ló ṣe bébà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá tẹ̀ ẹ́ ló máa há mọ́ lọ́wọ́. Ọ̀gá ní "ẹn-ẹ́ń?" wọ́n ní òun ò mọ̀. Ó tán síbẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kọ̀ǹpútà kan nísàlẹ̀ ò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo ní kí kọ́pà lọ wò ó kí n tó dé. Ọmọ náà gbọ́n, físíìsì ló kà, kò fọwọ́ kan waya rí kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó padà wá, ó ní "ẹ̀gbọ́n, 169.254 ni nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀." Inú mi dùn, torí nọ́ńbà yẹn ti sọ ibi tí wàhálà wà: kọ̀ǹpútà ti ké pe nẹ́tíwọ́ọ̀kì pé kó fún òun ní àdírẹ́sì, kò gbọ́ ìdáhùn, ó wá fún ara ẹ̀ ní ọ̀kan. Torí náà kọ̀ǹpútà ò ní nǹkan kan, ọ̀nà ló dí. A tọ kébù yẹn lọ dé ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, eku ti jẹ ẹ́. Mo ní kó jókòó, kó gé e, kó tún orí ẹ̀ ṣe fúnra ẹ̀. Ó to waya mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sọ́wọ́, ó ń kà á bí ẹni ń ki oríkì, funfun-ọ́rẹ́ńjì, ọ́rẹ́ńjì, funfun-gíríìnì, búlúù, funfun-búlúù, gíríìnì, funfun-búráùn, búráùn, ó tì í bọ RJ45, ìyẹn orí kébù, ó fi crimper, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ orí náà mọ́ waya, tẹ̀ ẹ́. Iná kékeré ara switch, àpótí tí gbogbo kébù so mọ́, ń ṣẹ́jú. Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà yẹn ti ń tọrọ àforíjì látìgbà tá a ti dé ibẹ̀, pé bóyá àga òun ló ń gun waya. Kọ́pà ló dá a lóhùn, mi ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní "mà, eku ni o, ẹ wo eyín ẹ̀ lára waya." Ó wú mi lórí pé ó ti kọ́ èyí náà mọ́ iṣẹ́.

Ìgbà míì wà tó jẹ́ pé èmi gan-an ni gbogbo ilé ń wò. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, ta ló lè gbàgbé ẹ̀? Àwọn kébù ńlá mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, bà jẹ́ ní etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ségesège káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, báńkì ò lè ṣiṣẹ́ dáadáa, àtúnṣe ẹ̀ sì gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní ọ́fíìsì wa, gbogbo èèyàn ń ti ráútà pa, wọ́n ń tàn án, àwọn kan ní bóyá torí àwọn ń wo fídíò ni, obìnrin kan tiẹ̀ wá bá mi jẹ́jẹ̀ẹ́ pé fóònù òun tí òun so mọ́ Wi-Fi láàárọ̀, ṣé òun ló fà á. Abẹ́ òkun ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀ o, ìyá yẹn wá ń gbé e sórí ara ẹ̀ n'Íbàdàn. Mo lọ láti tábìlì dé tábìlì lọ́jọ́ náà, mo ya àwòrán òkun sórí bébà, mo fa ìlà láti Pọ́túgà wá sí Èkó, mo fi ibi tó já hàn wọ́n.

Ó ní ìdí tó fi jẹ mí lógún tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé wọ́n á dá òun lẹ́bi, kò ní tètè sọ̀rọ̀, nínú iṣẹ́ wa sì rèé, ìṣẹ́jú díẹ̀ lè jẹ́ gbogbo ìyàtọ̀. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní rẹ́jísírì sáré gun òkè wá bá mi, ó ń mí gúlegúle, ó ní òun ṣí fáìlì kan tí wọ́n so mọ́ ímeèlì, ó jọ ìwé owó, ojú kọ̀ǹpútà ṣú lójijì ó tún padà, òun ò sì mọ ẹni tó fi ránṣẹ́. Mo sáré fa kébù nẹ́tíwọ́ọ̀kì yọ lára kọ̀ǹpútà yẹn, mo pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù ẹ̀ láti ibòmíì, a yẹ ẹ́ wò, a rí nǹkan burúkú náà kó tó ràn dé ibì kankan. Tó bá jẹ́ pé ó dákẹ́ síbẹ̀ di ọjọ́ kejì ńkọ́? Fáìlì gbogbo ilé ì bá ti kan án. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, mo sì sọ fún ọ̀gá ẹ̀ kí ó má ṣe kọ lẹ́tà ìbáwí kankan. Ọ̀gá ẹ̀ jiyàn díẹ̀. Mo ní tí ẹ bá fìyà jẹ ẹni tó wá sọ, ẹnikẹ́ni ò ní wá sọ mọ́, sà.

Nǹkan tó kù tí mò ń lé báyìí ni ọ̀rọ̀ Windows. Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, ìyẹn ni pé tí wọ́n bá rí ihò tuntun lára ẹ̀, wọn ò ní dí i fún ẹ mọ́ àfi tí o bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ìtọ́jú. Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà wa sì jẹ́ tòkunbọ̀ láti London, wọ́n lágbára, wọ́n ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n Windows 11 ní òun ò ní wọ inú wọn, torí ó ń bèèrè TPM 2.0, èròjà ààbò kan tó máa ń wà nínú kọ̀ǹpútà, àti àwọn èròjà míì tó tuntun jù wọ́n lọ. Ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jáde lójú kọ̀ǹpútà, làwọn èèyàn bá tún ń pè, "Ẹnjiníà, ó ní kọ̀ǹpútà mi ò kúnjú òṣùwọ̀n, kí ni mo ṣe?"

Wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí àti lórí ímeèlì ayédèrú, ẹni tó wá láti ìta ló ṣe é, gẹ̀ẹ́sì ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ní ṣé ìbéèrè wà, kò sẹ́ni tó nawọ́. Ọjọ́ kejì ni mo ń gba ibi tábìlì akáǹtì kọjá tí mo tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ fún Mádáàmù ní Yorùbá, kí n tó mọ̀ èèyàn mẹ́fà ti yí mi ká, ìbéèrè ò tán. Ìbéèrè tó jinlẹ̀ ni o. Mádáàmù bèèrè pé tí wọ́n bá ní kí ẹni tó jí páásíwọ́ọ̀dù òun tún mú OTP wá ńkọ́, nọ́ńbà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni, níbo ló ti máa rí i? Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo èèyàn bèèrè gan-an nìyẹn, torí èèyàn fúnra ẹ̀ ló máa ń ka OTP náà fún olè lórí fóònù.

Ọ̀gá ti gbà pé kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ oṣù tó ń bọ̀ jẹ́ ti Yorùbá, fún akáǹtì àti rẹ́jísírì lákọ̀ọ́kọ́. Kọ́pà ló ń bá mi ṣètò ẹ̀. A ó gbé power supply tó jóná yẹn wá, a ó gbé kébù tí eku jẹ wá, àti ẹ̀dà ímeèlì ayédèrú tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn gbà, òun fúnra ẹ̀ sì ti ní òun máa dìde sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo ti ní kí Mádáàmù jókòó síwájú, kí wọ́n bèèrè ìbéèrè wọn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí àwọn tó kù lè gbọ́.